Jẹjẹrẹ Ẹ̀jẹ̀ àti Ipò Ènìyàn Láwùjọ

Ọ̀rọ̀ tí olóòtú ètò ní kí n fi ṣí ìjíròrò wa ni ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, àrùn tí àwọn dókítà ń pè ní leukaemia. N kò ní í sọ ọ́ bí ẹ̀kọ́ ìṣègùn nìkan. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni èyí: nígbà tí àrùn kan náà bá mú ọmọ méjì, tí oògùn tí ó lè ṣẹ́gun rẹ̀ sì ti wà láyé, kí ni ó fà á tí ọ̀kan fi ń yè tí èkejì sì ń kú? Àwọn àgbà wa ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni mo fẹ́ kí a wò, kí a lè mọ ohun tí ó gbé wa ṣubú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ àrùn náà. Inú mùdùnmúdùn eegun ni ẹ̀jẹ̀ ti ń wá. Níbẹ̀ ni ara ti ń pèsè nǹkan mẹ́ta: àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa tí ń gbé afẹ́fẹ́ tí a mí sínú káàkiri ara, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tí ń bá àrùn jà, àti àwọn wínníwínní tí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nígbà tí a bá fara gbọgbẹ́. Nínú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, ìran kan nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun a bẹ̀rẹ̀ sí pọ̀ láìní ìjánu. Wọn kò gbó, wọn kò sì wúlò fún ogun tí a tìtorí rẹ̀ dá wọn, ṣùgbọ́n wọn a gba gbogbo àyè inú mùdùnmúdùn, gẹ́gẹ́ bí èpò ti í gba oko mọ́ iṣu lọ́wọ́. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì pupa kò bá rí àyè mọ́, ojú aláìsàn a funfun, àárẹ̀ a mú un, díẹ̀ ni yóò rìn tí èémí rẹ̀ yóò máa ké. Nígbà tí àwọn wínníwínní tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì bá dín kù, imú àti erìgì a máa ṣẹ̀jẹ̀, àpá dúdú a sì máa yọ lára ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò lù. Nígbà tí ọmọ-ogun gidi kò bá sí nínú ẹ̀jẹ̀ mọ́, ibà a wọlé, kì í sì í fẹ́ lọ.

Oníṣègùn ará Jámánì kan, Rudolf Virchow, kọ̀wé nípa àrùn yìí ní 1845, ó sì sọ ọ́ ní orúkọ ní 1847. Ìtumọ̀ orúkọ náà nínú èdè Gíríìkì ni ẹ̀jẹ̀ funfun. Oríṣiríṣi ni ó wà, ṣùgbọ́n fún ọ̀rọ̀ tiwa a lè pín wọn sí ọ̀nà méjì. Ọ̀kan ń yára bí iná ọyẹ́: bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀ ni ó ń pa ènìyàn. Irú èyí ni ó wọ́pọ̀ jù nínú gbogbo jẹjẹrẹ tí ń mú ọmọdé káàkiri ayé. Èkejì ń fara balẹ̀, ó sì lè wà lára àgbàlagbà fún ọdún mélòó kan kí ó tó gbé ojú líle rẹ̀ jáde.

Títí di nǹkan bí 80 ọdún sẹ́yìn, kò sí ọmọ tí àrùn oníkíákíá yìí mú tí a lè retí pé yóò yè. Ní 1948, Sidney Farber, dókítà kan ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, tẹ ìròyìn kan jáde nípa ọmọ 16 tí ó fún ní oògùn tuntun. Mẹ́wàá nínú wọn ni ara wọn balẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àrùn náà padà lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Àwọn ènìyàn rí i nígbà náà pé àrùn tí ó bá lè sá fún oṣù kan, ó ṣeé ṣe kí a lé e lọ pátápátá. Ní 1962, wọ́n ṣí ilé ìwòsàn St. Jude sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé ní Memphis. Níbẹ̀, Donald Pinkel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí da oògùn púpọ̀ pọ̀, wọ́n sì ń fún ọmọ ní wọn ní ìpele-ìpele fún ọdún méjì sí mẹ́ta. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1970 sí 1979, nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ náà ti ń rí ìwòsàn. Lónìí, ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó, nǹkan bí mẹ́sàn-án nínú ọmọ mẹ́wàá tí irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù yìí mú ni ó ń yè kọjá ọdún márùn-ún.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì ọ̀rọ̀ náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí a bá ka gbogbo oríṣi jẹjẹrẹ tí ń mú ọmọdé pọ̀, ó lé ní 80 nínú 100 tí ń rí ìwòsàn ní ilẹ̀ olówó. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí kò lówó, wọn kò tó 30. Àrùn kan náà ni. Púpọ̀ nínú àwọn oògùn náà kì í ṣe tuntun. Wọ́n ti dàgbà ju ọ̀pọ̀ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń gbọ́ mi lọ.

Ẹnìkan lè wí pé bóyá ẹ̀jẹ̀ àwa ènìyàn dúdú ni kò gba oògùn. Èrò yìí kì í ṣe tuntun. Ní Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ikú àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú tí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ mú pọ̀ ju ti àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun lọ, àwọn kan sì ń wá ìdí rẹ̀ sínú ìran. Ilé ìwòsàn St. Jude yẹn jẹ́ ibi tí a ti lè dán ọ̀rọ̀ náà wò, nítorí pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí i ni ó ti ń gba ọmọ dúdú àti ọmọ funfun pọ̀, ní ìlú tí òfin ìyàsọ́tọ̀ ṣì fìdí múlẹ̀ nígbà náà, wọn kì í sì í gba owó ìtọ́jú lọ́wọ́ òbí kankan. Ní 2003, àwọn dókítà ibẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n rí i pé nígbà tí ọmọ dúdú àti ọmọ funfun bá rí ìtọ́jú kan náà gbà, tí ọwọ́ wọn sì tẹ̀ ẹ́ ní ọgbọọgba, bákan náà ni wọ́n ń yè. Nítorí náà, kí a tó di ẹ̀bi ru ẹ̀jẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀nà tí ọmọ náà gbà kí ó tó dé ilé ìwòsàn, kí a wo ilé tí ó ti wá, kí a sì wo ohun tí ó wà lápò bàbá rẹ̀.

Kí a lè rí i bí ọ̀rọ̀ yìí ti rí ní agbègbè tí kò lówó, ẹ jẹ́ kí a kọjá sí ilẹ̀ Brazil, sí ìlú Recife tí í ṣe olú-ìlú ìpínlẹ̀ Pernambuco ní àríwá-ìlà-oòrùn ilẹ̀ náà. Recife kò ṣàjèjì sí wa. Ìran àwọn tí a kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Yorùbá wà níbẹ̀, orúkọ Ṣàngó, tí wọ́n ń kọ ní Xangô, sì ni wọ́n fi ń pe gbogbo ẹ̀sìn òrìṣà tí wọ́n jogún. Àríwá-ìlà-oòrùn yìí wà lára àwọn agbègbè tí ó tòṣì jù ní Brazil. Oko ni ọ̀pọ̀ àwọn òbí ti ń wá, wọ́n ń wọ ọkọ̀ fún wákàtí púpọ̀ kí wọ́n tó dé ìlú.

Láàárín 1980 sí 1989, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ oníkíákíá mú tí a tọ́jú ní Recife, nǹkan bí 32 péré ni ìtọ́jú wọn yọrí sí rere títí di ọdún márùn-ún. Nínú ọgọ́rùn-ún kan náà, 16 ni kò kú sórí ibùsùn ilé ìwòsàn, tí oògùn kò sì bá tì. Ṣe ni àwọn òbí wọn gbé wọn lọ sílé, tí wọn kò sì padà wá mọ́.

Kí ni ó lè mú kí òbí tí ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀? Àwọn tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ a máa pè é ní àìmọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí àrùn náà ti í tan ènìyàn jẹ. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan tí oògùn bá ti wọ ara, ibà a lọ, ẹ̀jẹ̀ a dẹ́kun, ọmọ a jẹun, a sì bẹ̀rẹ̀ sí bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré. Ní ojú ìyá, ọmọ ti yá. Dókítà nìkan ni ó mọ̀ pé àwọn sẹ́ẹ̀lì búburú tí ó sá pamọ́ kò tí ì tán, àti pé ìtọ́jú ṣì ku ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá náà wá jókòó, ó ń ṣírò. Owó ọkọ̀ ni mélòó? Ta ni yóò fún àwọn ọmọ mẹ́ta tí ó kù nílé ní oúnjẹ? Ta ni yóò bá òun ro oko? Níbo ni òun yóò sùn ní ìlú tí òun kò ti mọ ẹnikẹ́ni? Bí ó bá wá gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ti balẹ̀ padà sílé, kì í ṣe àìgbọ́n. Ìṣirò tálákà ni, ó sì péye ní ojú ẹni tí ó ń ṣe é. Àrùn ni kò bá wọn ṣírò. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó padà, nígbà tí ó sì padà, oògùn àkọ́kọ́ kò ràn án bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Láti 1994, ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ kan ní Recife tí a ń pè ní IMIP pawọ́ pọ̀ mọ́ àwọn ará Memphis láti tún ètò náà ṣe. Wọ́n ya wọ́ọ̀dù sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ tí jẹjẹrẹ mú, wọ́n kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní iṣẹ́ náà, wọ́n sì fi ìlànà ìtọ́jú kan ṣoṣo lélẹ̀ tí gbogbo dókítà ń tẹ̀ lé. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn ará ìlú tí àánú ṣe kó ẹgbẹ́ jọ, wọ́n pèsè ilé tí ìyá àti ọmọ láti ọ̀nà jíjìn lè máa sùn, wọ́n ń san owó ọkọ̀, wọ́n ń fún ìdílé ní oúnjẹ. Bí ọjọ́ ìpadàwá bá pé tí a kò rí ọmọ, òṣìṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ a wá ìdílé rẹ̀ kàn láti mọ ohun tí ó dá wọn dúró. Nígbà tí yóò fi di àárín 1997 sí 2002, àwọn tí ń pa ìtọ́jú tì ti dín láti 16 nínú ọgọ́rùn-ún sí ọmọ kan ṣoṣo nínú igba. Àwọn tí ìtọ́jú wọn yọrí sí rere títí di ọdún márùn-ún sì gòkè láti 32 sí 63 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ yọ 32 kúrò nínú 63. Ó ku 31. Ìyẹn tó ọmọ kíláàsì kan odindi, nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún ọmọ. Kí n má baà ṣe àbùmọ́, ilé oorun àti owó ọkọ̀ nìkan kọ́ ni ó gbà wọ́n là. Ìlànà oògùn náà dára sí i, àwọn nọ́ọ̀sì sì mọ bí a ti ń dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ kòkòrò àrùn. Ṣùgbọ́n kò sí oògùn tí ó lè ṣiṣẹ́ lára ọmọ tí kò sí níbẹ̀ láti gbà á. Ní Recife, wọ́n ka owó ọkọ̀ mọ́ oògùn, wọ́n ka àwo oúnjẹ mọ́ oògùn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ mi nìyí.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sílé. Ọ̀kan nínú àwọn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tí ń fara balẹ̀ ni èyí tí ń mú kí ohun líle kan wú lábẹ́ ìhà òsì aláìsàn, tí ó ń rù, tí ó sì ń làágùn lóru. Ní 1960, ní ìlú Philadelphia, Peter Nowell àti David Hungerford rí àbùkù kan nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tí àrùn yìí bàjẹ́. Àbùkù yẹn ni àwọn onímọ̀ tọ̀ títí wọ́n fi ṣe oògùn oníhóró kan, imatinib, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní oṣù karùn-ún 2001. Ẹni tí oògùn náà bá bá lára mu, tí ó ń lò ó lójoojúmọ́, lè gbó kí ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ nígbà náà lé ní ohun tí òṣìṣẹ́ ìjọba lásán lè san ní ilẹ̀ wa. Ilé-iṣẹ́ Novartis tí ó ṣe é gbà láti máa fún àwọn aláìsàn tí kò lówó ní ọ̀fẹ́, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ sì ni ibi tí a ti ń pín in fún Nàìjíríà. Láàárín 2003 sí 2007, aláìsàn 98 àkọ́kọ́ ni àwọn dókítà ibẹ̀ kọ ìròyìn wọn. Bí a bá to ọjọ́ orí wọn tẹ̀ léra, ẹni tí ó wà láàárín gan-an jẹ́ ẹni ọdún 36. Ẹ rí i pé kì í ṣe arúgbó. Ẹni tí ń tọ́mọ lọ́wọ́, tí ń gbọ́ bùkátà òbí, ni.

Àwọn àgbà a máa sọ pé oògùn tí a kò fi owó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Ní ti oògùn Ifẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá: aláìsàn kò sanwó, oògùn sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kan ṣì fara pamọ́ sínú òwe náà. Oògùn jẹ́ ọ̀fẹ́, ọ̀nà kò jẹ́ ọ̀fẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Nàìjíríà ni àwọn ènìyàn ti ń wá sí Ifẹ̀, títí dé ìhà òkè ọya. Ẹni tí ó ń ti Ìlá wá àti ẹni tí ó ń ti Màídúgùri wá kò gba oògùn kan náà ní iye kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ìgò kan náà ni a ti kó o fún wọn. Bí ojú ọ̀nà bá bàjẹ́, bí owó ọkọ̀ bá gòkè, bí ọ̀gá níbi iṣẹ́ bá kọ̀ láti fún ni láàyè, oògùn a tán nílé. Àrùn tí a ti dè mọ́lẹ̀ a sì já okùn.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó kan ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìwádìí ni ọ̀rọ̀ iye. Ìwọ̀n ikú kì í ṣe òkúta tí a kàn ṣà nílẹ̀. Ẹnìkan ni ó ní láti rí àrùn náà, kí ó mọ̀ ọ́n, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ní Ìbàdàn, a ní ìwé àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ tí a bẹ̀rẹ̀ ní 1960 ní ilé ìwòsàn UCH, ọ̀kan lára àwọn tí ó pẹ́ jù ní ilẹ̀ Áfíríkà. Iṣẹ́ ribiribi ni. Síbẹ̀, ẹni tí ó dé ilé ìwòsàn nìkan ni ilé ìwòsàn lè kọ orúkọ rẹ̀. Ọmọ tí ojú rẹ̀ funfun, tí ibà ń mú, ní ìlú tí ibà ẹ̀fọn ti ń mú gbogbo ọmọ, oògùn ibà ni wọn yóò kọ́kọ́ fún un. Bí kò bá lọ, wọn a ní jẹ̀funjẹ̀fun ni. Bí egungun bá ń dùn ún, wọn a ní àrùn fònikú-fọ̀ladìde ni. Bí ó bá kú kí ẹnikẹ́ni tó fi awò asọkékeré-di-ńlá wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ibà ni a ó sọ pé ó pa á. Nínú agbo ilé mìíràn, àbíkú ni a ó pè é. Kò sí ìwé kankan tí yóò ka ọmọ náà mọ́ àwọn tí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ pa. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá kà á pé jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọ wa bí ó ti wọ́pọ̀ láàárín ọmọ àwọn aláwọ̀ funfun, ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé: mélòó ni a kò kà? Iye kékeré lè jẹ́ àmì ìlera. Ó sì lè jẹ́ àmì òṣì.

Títí di ibí yìí, ẹni tí àrùn ti mú ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ipò ènìyàn láwùjọ tún lè kan ẹni tí àrùn yóò mú. Ní ìlú Istanbul ní ilẹ̀ Tọ́kì, dókítà Muzaffer Aksoy kíyè sí àwọn tí ń ṣe bàtà nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré tí atẹ́gùn kì í wọ̀. Kẹ́míkà kan tí a ń pè ní benzene wà nínú àtè tí wọ́n fi ń lẹ bàtà, òórùn rẹ̀ ni wọ́n sì ń fà sínú láti òwúrọ̀ di alẹ́. Láàárín 1967 sí 1973, ó rí 26 nínú wọn tí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ oníkíákíá, tàbí àrùn tí í ṣáájú rẹ̀, ti mú. Nígbà tí ó ṣírò rẹ̀ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1974, ó tó 13 nínú ọ̀kẹ́ márùn-ún ènìyàn, nígbà tí ti àwọn ará ìlú yòókù jẹ́ mẹ́fà. Benzene kan náà wà nínú epo bẹntiróòlù. Ẹ rántí èyí nígbà tí ẹ bá rí ọmọ iṣẹ́ mẹ́káníìkì tí ń fi ẹnu fa epo láti inú táńkì, tàbí tí ń fi epo fọ ọwọ́ àti irin ọkọ̀. Kì í ṣe pé gbogbo ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni àrùn yóò mú, nítorí pé ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ni a kò lè tọ́ka sí ìdí kan pàtó fún. Ṣùgbọ́n ewu tí a lè fi rọ́bà fífà àti ìbọ̀wọ́ yẹra fún, kí ni a fẹ́ fi ṣe?

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ ìjọba ni gbogbo èyí. Ọ̀rọ̀ ìjọba ni lóòótọ́. Ní 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi í ṣe àfojúsùn pé nígbà tí ọdún 2030 bá fi pé, ó kéré tán 60 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí jẹjẹrẹ mú ní gbogbo ayé ni kí ó máa yè. Ní 2022, Nàìjíríà ṣe òfin tí ó sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ènìyàn. Òfin dára, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn ará wa ni kò tí ì bọ́ sábẹ́ rẹ̀, ìwé òfin kì í sì í gbé aláìsàn láti Ìgbẹ́tì lọ sí Ìbàdàn. Ẹ jẹ́ kí a máa béèrè lọ́wọ́ ìjọba láìsinmi, kí àwa náà sì má káwọ́ lẹ́rán. Kì í ṣe ìjọba nìkan ni ó kọ́ ilé oorun fún àwọn ìyá ní Recife.

Kí ni olùkọ́ lè ṣe? Ó lè ṣe ohun mẹ́ta. Èkíní, kí ó lajú. Ojú olùkọ́ ń bọ́ sára ọmọ lójoojúmọ́, ọjọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀. Ọmọ tí ojú àti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń funfun sí i, tí ibà rẹ̀ kò lọ lẹ́yìn tí ó ti lo oògùn ibà tán, tí imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ lemọ́lemọ́, tí àpá dúdú ń yọ lára rẹ̀ lásán, tí kókó ń wú lọ́rùn rẹ̀, tí egungun ń dùn tí kò jẹ́ kí ó sùn, ẹ má jẹ́ kí ó tún lọ gba oògùn ibà lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ sọ fún òbí rẹ̀ pé kí wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n ní kí a ka ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí a sì fi awò wò ó. Ọ̀pọ̀ ìgbà, nǹkan mìíràn tí ó rọrùn ni yóò jẹ́, a ó sì dúpẹ́. Bí òbí bá fẹ́ gbàdúrà, bí wọ́n bá fẹ́ ṣe ètùtù, ẹ má bá wọn jà nítorí ẹ̀sìn. Ẹ kàn bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fi ìkan dá èkejì dúró.

Èkejì, kí ó di àyè ọmọ náà mú. Oògùn jẹjẹrẹ a máa mú kí irun re. Bí ọmọ bá padà sí kíláàsì pẹ̀lú orí pípá, ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ bá kọ́kọ́ sọ ni àwọn ọmọ yòókù yóò máa sọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àrùn náà kì í ràn. Ọmọ tí ó bá a jókòó kò ní í kó o. Òun gan-an ni ó yẹ kí a máa dáàbò bò. Bí ìgbóná tàbí ilẹ̀ẹ́gbóná bá wọ kíláàsì, ẹ tètè ránṣẹ́ sí àwọn òbí rẹ̀, nítorí pé oògùn ti sọ ara rẹ̀ di ilé tí kò ní ilẹ̀kùn.

Ẹ̀kẹta, kí ó má jẹ́ kí ìdílé náà dá ẹrù gbé. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ tí ó ń dáwó fún ọjọ́ eré ìdárayá lè dáwó ọkọ̀ ìyá kan lóṣooṣù. Ẹni tí ó ní yàrá lẹ́bàá ilé ìwòsàn ńlá lè gba àlejò fún alẹ́ méjì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní ìlera lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé ọmọ tí ń gba ìtọ́jú yìí kò lè ṣe é láìjẹ́ pé a ń fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára nígbà gbogbo.

Àwọn baba wa ní àìsàn ni à ń wò, a kì í wo ikú. Ní ti jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, àìsàn tí a lè wò ni ó ti dà ní ibòmíràn. Bí a bá ṣì ń kà á mọ́ ikú ní tiwa, kò sí ẹ̀bi kan lọ́rùn ẹ̀jẹ̀ wa. Ẹ̀bi náà wà lójú ọ̀nà, ó wà nínú àpò, ó wà nínú àìtètèmọ̀, gbogbo àwọn wọ̀nyí sì jẹ́ ohun tí ọwọ́ ènìyàn lè tún ṣe.

Ibi tí mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ mi mọ nìyí. Mo fi ìbéèrè méjì lé ẹ̀yin tí a jọ jókòó lọ́wọ́ fún ìjíròrò. Bí a bá ní owó díẹ̀ ní agbègbè wa, ṣé ẹ̀rọ tuntun ni kí a fi rà fún ilé ìwòsàn, tàbí ilé oorun àti owó ọkọ̀ fún àwọn tí ń wá láti ọ̀nà jíjìn? Èkejì sì ni pé: ta ni yóò máa ka àwọn ọmọ tí ń kú ní ìletò, kí a lè mọ ohun tí ó ń pa wọ́n?